Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Olókà: ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú

Mo fẹ́ kọ nípa màmá kan tí mo tọ́jú níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, a sì jọ yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kéèyàn dá a mọ̀ kúrò nínú ẹ̀. Físíò ni mí, èmi ni mo máa ń fi eré ìdárayá àti nínà ara ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ara ẹ̀ lè padà ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ò ju pé ohun tó ṣe màmá yìí ni mo ń rí lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún, dọ́kítà ti ṣe tiẹ̀, ọgbẹ́ ti jinná, àmọ́ ara ti gan, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti ọsibítù ni àwọn tó fẹ́ràn wọn jù ò ti jẹ́ kí wọ́n gbápá gbẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Olókà, torí òkà ló ń tà, ibẹ̀ ò jìnnà sí Tákíé. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété mọ̀ pé a kì í fọ̀rọ̀ òkà ṣeré nílùú wa, kódà oríkì wa ń sọ ọ́ pé òkà là ń jẹ ká tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹni tó bá wá ń ro òkà ìkòkò ńlá láràárọ̀ láti bí ogún ọdún, apá ẹ̀ ló fi ń jẹun. Ọmú ọ̀tún ni jẹjẹrẹ yìí ti mú un, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń di orógùn mú.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kókó kan ti wà nínú ọmú yẹn tipẹ́ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, kì í dùn ún, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ wọn jẹ nìyẹn. Àgbo, àdúrà, òróró, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tó fi máa dé ọsibítù tí wọ́n bu díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó ti di sítéèjì kẹta, ó ti wọnú àwọn kókó abíyá, ìyẹn àwọn kókó kéékèèké tí Ọlọ́run dá mọ́ gbogbo wa níbẹ̀. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ fún un kí kókó náà lè sún kì, lẹ́yìn náà wọ́n gé ọmú yẹn kúrò pátápátá, wọ́n sì kó àwọn kókó abíyá jáde pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n ní tí ojú ibẹ̀ bá ti jinná kó lọ gba rediotẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa èyí tó bá ṣẹ́ kù, n'Ìbàdàn.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù tí wọ́n ti ṣe é, mi ò sì sọ pé iṣẹ́ wọn ò dáa, ojú ọgbẹ́ yẹn mọ́ dáadáa. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti dá a dúró síbẹ̀ títí tó fi padà sílé, kò sẹ́ni tó fi físíò hàn án, kò sẹ́ni tó sọ fún un bó ṣe yẹ kó máa lo ọwọ́ yẹn. Ohun tó gbọ́ ò ju kó máa sinmi lọ. Kí ló wá ku nílé? Àwọn ọmọ ẹ̀ gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, ife omi gan-an wọn ò jẹ́ kó gbé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin wá láti Ọ̀yọ́ wá bá wọn gbé, òun ló wá fi òfin de gbogbo ẹ̀, ó ní ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá gé ọmú ẹ̀ máa ń wú tó bá fi gbé nǹkan, ó ní òun ti rí i lára ẹnì kan rí. Ni wọ́n bá fi ìborùn so ọwọ́ yẹn kọ́ ọ lọ́rùn, bó ṣe wà tọ̀sán tòru nìyẹn.

Nígbà tó dé Ìbàdàn fún rediotẹ́rápì, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ kó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, torí àyà àti abíyá ni ẹ̀rọ yẹn máa dojú kọ, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dínà, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ṣe tò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣe máa wà lójoojúmọ́ títí tí wọ́n á fi parí. Ọwọ́ ò lọ. Kò tilẹ̀ dé èjìká. Wọ́n rọra ràn án lọ́wọ́, ó figbe ta. Wọ́n ní kó padà sílé kó wá físíò, kó tètè ṣe é o, torí kò dáa kí ààrin iṣẹ́ abẹ àti rediotẹ́rápì jìnnà jù. Bó ṣe dọ́dọ̀ mi nìyẹn, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ obìnrin kan tó gbé báàgì ẹ̀ dání.

Mo ní kí wọ́n yọ ìborùn yẹn. Èjìká ọ̀tún ti rọ̀ sílẹ̀ sí iwájú, ẹ̀yìn ti tẹ̀, orí fì sápá kan. Mo ní kó gbé ọwọ́ síwájú bó bá ṣe lè gbé e tó, ó gbé e débi àyà, ó sì fi eyín di ètè mú. Ìgbà tí mo wá ní kó là á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo rí i: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ gọngọ lábẹ́ awọ, ó ti inú abíyá wá, ó gba inú apá lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá, ó le bíi wáyà gìtá. Tí ọwọ́ bá ti ń nà ló ń le sí i. Màmá wo ojú mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí ọmọ ẹ̀ má bàa gbọ́, ó ní, “Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, ṣé òun ló tún padà dé yẹn?”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Mo ní, “Rárá o, Màmá. Èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ.” Mo ṣàlàyé fún un pé omi kan wà tó máa ń gba inú àwọn kókó abíyá kọjá, ojú ọ̀nà tóóró-tóóró ló ń gbà, tí wọ́n bá wá kó àwọn kókó yẹn jáde, àwọn ọ̀nà kan lára ẹ̀ lè gbẹ kó le bí okùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ọpirésàn ló máa ń yọ, ó máa ń dunni, ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ kéèyàn máa na ọwọ́ yẹn ni oògùn ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ju oṣù díẹ̀ lọ tó fi máa lọ. Síbẹ̀ mo ní kí dọ́kítà ẹ̀ fọwọ́ kàn án wò, torí mi ò fẹ́ kí ọkàn ẹ̀ máa ṣe méjì, dọ́kítà náà sì sọ ohun kan náà.

Kí n tó ní kó ṣe nǹkankan, mo kọ ìwé sí dọ́kítà ẹ̀. Mo fẹ́ mọ iye PCV ẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, torí kẹ́mò máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kéré. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti débi egungun, torí egungun tí jẹjẹrẹ bá ti wọ̀ lè tètè kán, irú eré ìdárayá tí èèyàn máa ṣe á yàtọ̀ nìyẹn. Mo tún béèrè nípa ọkàn ẹ̀, èyí tó ń lù láyà, torí ó wà lára àwọn tó gba oògùn kẹ́mò pupa, doxorubicin, oògùn yẹn lè dín agbára ọkàn kù. Gbogbo ẹ̀ dáa, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kéré díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Mo ti rí àwọn tó wo fídíò lórí fóònù tí wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kẹ́mò.

Ohun tá a fi bẹ̀rẹ̀ kéré débi pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rò pé mò ń tan wọ́n ni. Mímí kanlẹ̀, ká gbé èjìká sókè ká sọ ọ́ kalẹ̀, ká fi èjìká yípo sẹ́yìn, ká di ẹ̀ṣẹ́ ká tú u. Lẹ́yìn náà la bọ́ sí ògiri. Á dojú kọ ògiri, á fi ìka ọwọ́ ọ̀tún gùn ún lókè díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, á dúró níbẹ̀, á mí, á tún gbìyànjú díẹ̀ sí i, á wá rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi èédú fa ìlà síbi tó bá dé lójoojúmọ́, torí kéèyàn kàn sọ pé “ó ń dáa” yàtọ̀ sí kéèyàn fojú ara ẹ̀ rí i pé ìlà tòní ga ju tàná lọ. Mo sọ fún un pé kó kàn máa ṣe é bíi pé nǹkan ń fà á, kó má dùn ún. Tó bá dùn ún gan-an, ó ti kọjá ibi tó yẹ nìyẹn.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti orógùn. Ó máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní, á fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn òkà ẹ̀ mú, á wá rọra gbé e láti orí ikùn lọ sókè orí, kí ọwọ́ òsì tó lágbára máa fa ọ̀tún lọ. Igi ìgbálẹ̀ náà lè ṣe é, àmọ́ orógùn ni mo sọ torí mo fẹ́ kí ọwọ́ yẹn tún rántí iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó dì í mú, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti sọ fún òun pé jẹjẹrẹ ni, àwọn ọmọ òun ti kó orógùn yẹn lọ fi pa mọ́.

Gèlè la wá fi ṣe ìdánwò. Irun ẹ̀ ti re nítorí kẹ́mò, ó sì ń tijú láti jáde láìwé gèlè, bẹ́ẹ̀ èèyàn ò lè wé gèlè tí ọwọ́ méjèèjì ò bá dé ẹ̀yìn orí. Ọmọ ẹ̀ ló ń wé e fún un. Mo ní kí ọmọ náà jáwọ́ díẹ̀díẹ̀, kí Màmá máa fà á gba iwájú fúnra ẹ̀ kí ọmọ bá a so ẹ̀yìn, títí òun náà á fi lè so ó.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an, torí òun ló ń jí lóru fún un. Àmọ́ ó bá mi jà. Ó ní ṣé tí ọwọ́ bá wú, èmi ni mo máa bá wọn gbé e ni? Mi ò dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú, torí ohun tó ń sọ yẹn, àwọn dọ́kítà òyìnbó gan-an ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ni wọ́n fi ń kọ́ni pé ẹni tí wọ́n bá ti kó kókó abíyá ẹ̀ jáde ò gbọdọ̀ fi apá yẹn ṣe iṣẹ́ agbára mọ́ láyé. Ní 1996 ni dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Don McKenzie ní Vancouver, ní Kánádà, kó obìnrin 24 tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí jọ, ó ní kí wọ́n wá máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi gígùn, iṣẹ́ apá gidi nìyẹn, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ara wọn le díẹ̀díẹ̀ kó tó gbé wọn wọnú ọkọ̀, kò sì sí èyí tí ọwọ́ ẹ̀ tìtorí ẹ̀ wú nínú wọn. Ní 2009, Kathryn Schmitz àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà tún gbé tiwọn jáde, obìnrin 141 tí ọwọ́ wọn ti wú tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ìdajì wọn máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, irin tó fúyẹ́ tó ń wúwo sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wọ aṣọ ọwọ́ tó ń fún ọwọ́ mọ́ra tí wọ́n bá ń gbé e, nígbà tó fi máa pé ọdún kan ọwọ́ wọn ò wú ju ti àwọn tí kò gbé nǹkankan, wọ́n tiẹ̀ lágbára jù wọ́n lọ. Gbogbo èyí ni mo fi Yorùbá sọ fún un níbi tá a jókòó sí.

Ó dákẹ́, ó wá ní, “Àwọn òyìnbó tó o ń sọ yìí, ṣé wọ́n ń ro òkà?” Ìbéèrè gidi ni. Mo ní rárá, Ẹ̀gbọ́n, irin ni wọ́n gbé, òkà le, ó gbóná, kò sì ṣeé dúró láàárín kó má bàa dì. Ìdí tá a fi ní láti ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí apá á fi lè ro òkà. Ó ní ó dáa, òun á máa wò ó.

Ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń dà á láàmú o. Àárẹ̀ tí kẹ́mò fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí àárẹ̀ iṣẹ́, oorun kì í wò ó. Èèyàn á sùn, á jí, á tún rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe sùn lọ. Bó sì ṣe ń dùbúlẹ̀ sí i ni ẹsẹ̀ ń rọ̀ sí i, títí débi pé kó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á di iṣẹ́. Ó ṣòro fún àwọn èèyàn láti gbà pé rírìn ló máa ń dín irú àárẹ̀ yẹn kù, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn, ó wà lára ohun tí ìwádìí ti fi hàn jù lọ lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àti eré ìdárayá, tòun ti ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n pàdé ní 2018 láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, tí wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní 2019, sọ pé ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń mú iṣan le lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Ìyá Olókà ò lè rin márùn-ún. A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, ọmọ ẹ̀ bá a gbé àpótí síbẹ̀, á jókòó, á padà. Nígbà tó yá wọ́n lọ débi títì. Àárọ̀ kùtù ni, kí oòrùn tó mú. Mo ní kó máa bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, tó bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, ìrìn yẹn wà níwọ̀n, tí kò bá lè sọ̀rọ̀, kó rọra. Lọ́jọ́ tí ibà bá mú un, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, tí àyà ń dùn ún tàbí tí èémí ń kúrú, kó má rìn rárá, kó lọ rí dọ́kítà.

Àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní aláìsàn wo ló ń rìn kiri báyẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ó fẹ́ fi han ayé pé wọn ò gé ọmú òun. Ìyẹn dùn ún gan-an, ó ń rìn pẹ̀lú ọwọ́ tó fi bo àyà, èjìká yẹn sì tún ń rọ̀ padà síwájú. A rán aṣọ rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó kó òwú sí, ó ń fi sínú kọ́mú lápá ọ̀tún lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ ti jinná dáadáa, ẹ̀yìn ẹ̀ bá nà. Ẹ má fojú kékeré wo irú nǹkan yìí, obìnrin tó bá ń tijú ò ní jáde, ẹni tí ò bá jáde ò ní rìn.

Ìlà èédú ń gòkè. Okùn abíyá yẹn ń rọ̀, ọjọ́ kan tó ń na ọwọ́ ó ní òun gbọ́ “pó” kékeré nínú ẹ̀, ọwọ́ sì lọ síwájú sí i, ẹ̀rù bà á, mo ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tí wọ́n padà sí Ìbàdàn, ọwọ́ gòkè dé ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ, ó sì gba rediotẹ́rápì ẹ̀ tán. Nígbà yẹn a ò dáwọ́ nínà dúró, torí rediotẹ́rápì fúnra ẹ̀ lè mú kí iṣan àyà gan, fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ẹ̀ pàápàá. A kàn ń rọra ṣe é torí awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ń bó díẹ̀.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sí ti agbára. Ike omi 50cl tó kún, ìyẹn tó ìlàjì kílò, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Á gbé e sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Títi ògiri. Jíjókòó sórí àpótí kó sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkankan. Tí ike yẹn bá ti rọrùn fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì láìsí pé ọwọ́ wúwo, a ó bọ́ sí 75cl. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro òkà ilé nínú ìkòkò kékeré, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń dì í mú.

Ibi tó ti fẹ́ bà jẹ́ ni ti ìsọmọlórúkọ kan. Wọ́n gbé òkà fún un, ìkòkò ńlá, ara ẹ̀ ti yá, ó ní òun á dá a ṣe, ó sì dá a ṣe láti ìdájí dé ọ̀sán nídìí iná. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀gbà ọwọ́ ọ̀tún ò wọ̀ mọ́. Ó wá sọ́dọ̀ mi, mo fi téèpù télọ̀ wọn ọwọ́ méjèèjì níbi kan náà, ọ̀tún fi ohun tó ju sẹ̀ǹtímítà méjì tóbi ju òsì lọ, bó bá ti tó bẹ́ẹ̀ a máa ń ka á sí wíwú gidi. Ẹ̀gbọ́n pariwo, ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Àmọ́ ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ló dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó ti lọ pe bàbá kan pé kó wá sín gbẹ́rẹ́ sí ọwọ́ náà kí omi lè jáde.

Níbẹ̀ ni mo ti le mọ́ wọn. Ọwọ́ tí kókó abíyá ẹ̀ ti lọ ò lágbára láti bá kòkòrò àìsàn jà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú gbẹ́rẹ́ kékeré kan tó fún kòkòrò láti wọlé, ọwọ́ á pọ́n, á gbóná, ibà á dé, ó lè wọnú ẹ̀jẹ̀, èèyàn lè bá a lọ. Tí ọwọ́ tó wú bá pọ́n tó sì gbóná, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe ọ̀la. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bàbá yẹn ò wá mọ́.

A ò dáwọ́ eré ìdárayá dúró, a dín in kù ni. A padà sí ike kékeré, a ń fọwọ́ ra á jẹ́jẹ́ láti ọwọ́ lọ sókè, ó ń fi òrí pa awọ kó má bàa sán, àwọn ọmọ ẹ̀ dáwó ra aṣọ ọwọ́ tó ń fún un mọ́ra, ó sì ń wọ̀ ọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Wíwú yẹn fà sẹ́yìn, kò lọ tán. Mo sọ òótọ́ fún un pé irú ẹ̀ kì í sábà lọ tán, a máa ń ṣọ́ ọ ni.

Ní báyìí ó ti padà sídìí òkà. Ọmọkùnrin kan ló ń ro ìkòkò ńlá, òun ń ro kékeré, ó ń bu, ó ń gba owó. Oògùn hòmóònù tó ń lò lójoojúmọ́, letrozole, ń mú kí oríkèé ẹ̀ ro ó láràárọ̀, ó sì fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀ títí tá a fi rí i pé ọjọ́ tó bá rìn dáadáa, ríro yẹn máa ń fúyẹ́. Ó ń lò ó lọ. Mo máa ń sọ fún un pé eré ìdárayá ò lè rọ́pò oògùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rọ́pò àyẹ̀wò tó ń lọ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti padà s'Ọ́yọ̀ọ́. Láìpẹ́ yìí ó pè mí lórí fóònù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ kan náà fún obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ní ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀ṣẹ́ kó tú u. Mo ní ọjọ́ kejì ọpirésàn ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, kó máa ká ìgúnpá, kó máa mí kanlẹ̀, kó fi ọwọ́ yẹn bọ́ ara ẹ̀, kó fi ya irun, àmọ́ kó má tíì gbé e kọjá èjìká títí wọ́n á fi yọ rọ́bà tó ń fa omi kúrò lójú ọgbẹ́, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi dọ́kítà tó ṣe é. Ó ní dọ́kítà ti ní kó sinmi. Mo ní kí wọ́n padà lọ bi í ní pàtó, ọwọ́ ńkọ́, ta ni físíò tó máa rí i? Ó ní òun á bá wọn lọ.